Lámèyítọ́ Tí Kò Létí

Bí a bá kó gbogbo ìwé tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti kọ lórí eré Yorùbá jọ, ti orí ìtàgé, ti sinimá àti ti tẹlifíṣàn, òkìtì náà yóò ga. Ẹ̀bùn Clark kọ odidi ìwé lórí Hubert Ògúndé ní 1979; Bíọ́dún Jéyífò kọ tirẹ̀ lórí àwọn ẹgbẹ́ eléré tó ń kiri ìlú ní 1984; Karin Barber, tí ó gbọ́ Yorùbá dénú, gbé tirẹ̀ lórí ẹgbẹ́ Oyín Adéjọbí jáde ní 2000. N kò ní bẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ àṣelàágùn. Àwọn tó ń tọ ipasẹ̀ wọn ni mo ní ẹjọ́ bá rò. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe lámèyítọ́ wọn, etí wọn sì ti di sí ohùn tí eléré fi ń sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi Ifọ́n ṣe àpẹẹrẹ. (Kì í ṣe Ifọ́n ti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni mò ń wí o. Ti ẹ̀bá Ọ̀wọ̀ ni, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àlàyé yìí pàápàá ti sú wa í ṣe.) Ní agbègbè Ọ̀wọ̀, a ń fi fáwẹ̀lì “u” bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ orúkọ, ohun tí Yorùbá àjùmọ̀lò kò gbà. Ìró “gh” tí ó ti kú lẹ́nu ará Ọ̀yọ́ ṣì wà láàyè níbẹ̀, tó fi jẹ́ pé Ọ̀ghọ̀ ni onílé ń pe Ọ̀wọ̀. Láti 1967 ni Abíọ́dún Adétúgbò ti pín àwọn ẹ̀ka-èdè wọ̀nyí sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Àìmọ̀ kọ́ ló ń ṣe wá.

Ṣùgbọ́n ẹ wo fíìmù wa. Ọba, dókítà, adájọ́, arẹwà ìyàwó, ohùn àjùmọ̀lò ni gbogbo wọn ń sọ. Bí ohùn Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì tàbí Oǹdó bá dún, ẹ ti mọ̀ pé àwàdà dé: aṣọ́nà ni, tàbí ọmọ ọ̀dọ̀, tàbí baba oko tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Èkó. Ti Ifọ́n kì í tilẹ̀ dún. A kò rí i fi ṣe ẹ̀rín pàápàá. N kò bá aláwàdà jà. Ohun tí n kò gbà ni pé ẹnu kan ṣoṣo ló yẹ ọgbọ́n.

Kí ni onílámèyítọ́ wí sí i? Bí ó bá ń kọ̀wé lórí Ṣaworoidẹ, tí Túndé Kèlání darí ní 1999, yóò ní ìjọba ológun ni wọ́n ń fi òwe bá wí. Òótọ́ ni. Yóò yin ìjìnlẹ̀ Yorùbá tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá fi kọ ọ́. Òótọ́ ni pẹ̀lú, ọ̀gá ni Ìṣọ̀lá. Ṣùgbọ́n ìjìnlẹ̀ ti ta ni? Ṣé kànga kan ṣoṣo ló jìn nílẹ̀ Yorùbá? Bí ó bá sì fẹ́ fa ọ̀rọ̀ yọ láti inú eré kan, yóò tú u sí Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ ti ń fara pa mọ́. Ọba sọ Gẹ̀ẹ́sì, aṣọ́nà sọ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan náà ni. Ìyàtọ̀ tí òǹwòran fi rẹ́rìn-ín ti pòórá kí ìwé tó dé ọwọ́ òǹkàwé. Ẹni tí ó fi ojú ìwé mẹ́wàá ṣàlàyé agbára kò rí agbára tó wà lẹ́nu.

Ní Australia, Rolf de Heer àti Peter Djigirr ṣe fíìmù Ten Canoes ní 2006. Èdè àwọn Yolngu, ọmọ onílẹ̀, ni àwọn eléré ń sọ nínú rẹ̀, èdè tí àwọn tó ń sọ ọ́ kò pé 10,000. Ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé lórí fíìmù náà kò lè fo ọ̀rọ̀ èdè dá. Àwọn olóòtú tiwa á ní ará Èkó kò ní gbọ́ ohùn Ifọ́n. Ṣebí wọ́n ń kọ Gẹ̀ẹ́sì sábẹ́ àwòrán fún òyìnbó? Kí wọ́n kọ Yorùbá àjùmọ̀lò sábẹ́ rẹ̀ fún ará Èkó.

Ọmọ Ifọ́n tó ń wo eré lójoojúmọ́ ti kọ́ ohun tí olùkọ́ kankan kò kọ́ ọ, pé ohùn ìyá àgbà rẹ̀ kò yẹ ẹni ńlá. Bí ìyá àgbà bá pè é, Yorùbá Èkó ló fi ń jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ onílámèyítọ́ ni láti bi òǹkọ̀wé eré léèrè ìdí tí adájọ́ inú eré rẹ̀ kò fi lè ti Ifọ́n wá, kí ó sì bi í ní Yorùbá, níbi tí òun àti òǹwòran yóò ti jọ gbọ́ ọ. Títí di òní, n kò tíì ka àyẹ̀wò kan tó béèrè rẹ̀.