Ta ló ń kọ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá?

Nígbà tí Rena Wakama kó D'Tigress wọ àárín ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó kù ní Òlíḿpíìkì Paris 2024, ibi tí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ Áfíríkà kankan kò dé rí, gbogbo wa pariwo pé ọmọ wa ni. Lóòótọ́, ó ti wọ aṣọ Nàìjíríà gbá bọ́ọ̀lù rí. Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ló ti kọ́ṣẹ́: lẹ́yìn tó gbá bọ́ọ̀lù tán ní Western Carolina, ó ṣiṣẹ́ nídìí ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì kó tó dé ọ̀dọ̀ wa lọ́dún 2023.

Àwọn ọmọbìnrin tó ń gbá líìgì tiwa ńkọ́? Bí orúnkún bá ti kọ̀ fún wọn, a ó ní ẹ kú iṣẹ́, ó tán. Ṣé owó rẹpẹtẹ ni NBBF fẹ́ ná kó tó fi méjì nínú wọn jókòó ti Wakama, kí wọ́n máa wo bó ṣe ń ṣe é?