Kí Bátìrì Réluwé Tó Kú Sí Wa Lọ́wọ́

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí kò yẹ kí àgbà dákẹ́ sí. Ọjà bátìrì ọkọ̀ ojú irin ń gbèrú kárí ayé. Láti ọdún 2014 ni réluwé oníbátìrì ti ń ná ojú irin Karasuyama ní Japan. Ní Jámánì, ìpínlẹ̀ Schleswig-Holstein bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ oníbátìrì tí ilé iṣẹ́ Stadler ṣe rọ́pò àwọn tó ń jó dísù ní 2023. Irú ọkọ̀ Stadler yìí kan náà ti rin kìlómítà 224 ní 2021 láìdúró gba iná rárá. Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Wabtec so ẹ́ńjìnnì oníbátìrì mọ́ àwọn oní-dísù láti fa ẹrù láàárín Barstow àti Stockton ní California, dísù tí wọ́n ń jó sì dín ní ìdá 11 nínú 100.

N kò bá ohun rere jà. Ẹni tó bá ti dúró sẹ́bàá ojú irin ní Agége nígbà tí ẹ́ńjìnnì oní-dísù ń kọjá mọ èéfín tí mò ń sọ. Bí a bá lè ti Èkó dé Ìbàdàn láìfín èéfín sí ẹnikẹ́ni nímú, ta ni yóò ní òun kò fẹ́? Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ọjọ́ tí bátìrì yóò dé nìkan ni gbogbo ẹnu ń sọ. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ọjọ́ tí yóò kú, àti ilẹ̀ ẹni tí wọn yóò kó òkú rẹ̀ dà sí.

Bátìrì kì í ṣe àlejò nínú réluwé. Ẹ́ńjìnnì oní-dísù kò lè ta láìsí i. Òun náà ni kì í jẹ́ kí iná kóòṣì kú tí ẹ́ńjìnnì bá kú. Òjé àti ásíìdì ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú ìwọ̀nyí, bíi ti mọ́tò. Àwọn mìíràn jẹ́ níkẹ́ẹ̀lì àti kádímíọ́ọ̀mù, kádímíọ́ọ̀mù sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Èyí tó ń dé báyìí, tó ń gbé ọkọ̀ rìn fúnra rẹ̀, lítíọ́ọ̀mù ni. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yàtọ̀ síra, oró wọn kò sì jọra, ṣùgbọ́n nílẹ̀ wa, kọ̀ńdẹ́mù ni à ń pe gbogbo wọn nígbà tí wọ́n bá ti kú, ọwọ́ ẹnì kan náà ni wọ́n sì ń bọ́ sí: bàbá onírin tó ń ti ọmọlanke kiri àdúgbò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọmọlanke bá dé ibi tó ń lọ. Ọmọkùnrin kan yóò jókòó lórí àpótí, yóò fi àáké la orí bátìrì. Kò fi nǹkan kan bo ọwọ́, sílípáàsì ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Yóò da ásíìdì sí gọ́tà, koríko etí gọ́tà á sì jóná ráúráú. Yóò fa àwọn àwo òjé inú rẹ̀ yọ, á gbọn ìdọ̀tí eérú ara wọn sílẹ̀, á kó wọn sínú ìkòkò irin lórí iná. Òjé á yọ́, èéfín á gbéra, atẹ́gùn á gbé e lọ síbi tí ìyá kan sá ẹ̀lùbọ́ sí. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, ọmọkùnrin yìí á gbé eruku ara ṣòkòtò rẹ̀ wọlé. Ọmọ rẹ̀ tó ń rákòrò á fọwọ́ gbálẹ̀, á fi ọwọ́ náà sẹ́nu.

Ọmọdé a máa gba òjé sára ní ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún ohun tí àgbàlagbà ń gbà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ gbangba pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ pé kò léwu. Ọpọlọ ló ń lọ bá. Tíṣà á ní ọmọ náà kò lórí ìwé, ìyá rẹ̀ á ní ayé ló ń ṣe é, wọ́n á gbé e lọ sí orí òkè àdúrà, kò sì ní sẹ́ni tí yóò rántí àáké àti bátìrì.

Òjé kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn olórìṣà Ọbàtálá ń fi í sọ́wọ́, àwọn àgbà sì máa ń sọ pé òjé tó bá ti bọ́ sọ́wọ́ olórìṣà, kò sẹ́ni tí yóò bọ́ ọ mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni èyí tó bá wọnú egungun ọmọ wa. Ó lè wà níbẹ̀ fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó máa yọ́ padà sínú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ọmọ náà bá sì jẹ́ obìnrin, tó wá lóyún, òjé náà yóò ti ara rẹ̀ dé ara ọmọ inú.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀nà jíjìn ni mo ń tọ́ka sí. Ògijo wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, kò jìnnà sí Ìkòròdú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ́ òjé inú bátìrì kọ̀ńdẹ́mù, tí wọ́n ń kó o lọ sókè òkun. Ní ọdún 2025, àwọn akọ̀ròyìn ṣètò kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn ará ìlú wò, òjé tó lè pani lára sì wà nínú ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ nínú wọn, títí kan àwọn ọmọdé. Ìjọba ti àwọn ilé iṣẹ́ kan pa. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n títi ilẹ̀kùn kì í yọ òjé kúrò nínú ilẹ̀. Èrè ti bá ọkọ̀ ojú omi lọ, eruku ló kù fún ará Ògijo.

Àwọn ẹlòmíràn ti rí èyí ṣáájú wa. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar ní Senegal, àwọn ènìyàn ti ń fọ́ bátìrì láti ọjọ́ pípẹ́, eérú rẹ̀ sì ti dà pọ̀ mọ́ yanrìn. Nígbà tí òjé gbówó lórí lágbàáyé, àwọn ìyá ilé bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ yanrìn náà, wọ́n ń fi asẹ́ jọ̀ ọ́, wọ́n ń kó òjé tí wọ́n rí sínú àpò, wọ́n ń gbé àpò náà sínú yàrá. Láàárín oṣù díẹ̀, láti ìparí 2007 wọ 2008, ọmọ 18 kú. Àwọn ìyá wọ̀nyẹn kì í ṣe ìkà. Ọjà ló sọ fún wọn pé owó wà nínú yanrìn, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ikú wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní Owino Uhuru, ní Mombasa ní Kenya, ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ òjé bátìrì ló ba odindi àdúgbò jẹ́. Obìnrin kan tó ti bá wọn ṣiṣẹ́, Phyllis Omido, tí òjé wọ ara ọmọ tirẹ̀ náà, ló gbé ìjà náà lérí. Wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa ní 2014. Ẹjọ́ lórí owó gbà-má-bínú kò kúrò nílé ẹjọ́ títí di 2024.

Nítorí náà, ìdàgbàsókè ọjà bátìrì gan-an ni ó yẹ kó là wá lójú. Bí ohun inú bátìrì bá ṣe ń gbówó lórí ni ọwọ́ tó fẹ́ tú u yóò ṣe máa pọ̀ sí i.

Àwọn kan á ní lítíọ́ọ̀mù kò ní òjé nínú. Òótọ́ ni. Ẹ sọ fún ọmọkùnrin aláàáké yẹn pé kó la bátìrì lítíọ́ọ̀mù bó ti ń la ti òjé, kí ẹ wá wo bí iná yóò ti sọ láti inú rẹ̀: iná tí omi kì í tètè pa, tí èéfín rẹ̀ jẹ́ májèlé. Kí ó tó di bátìrì pàápàá, òkúta ni. Wọ́n ń wa òkúta yìí ní Nasarawa, àwọn ọmọdé sì wà lára àwọn tó ń ṣa á nínú kòtò nígbà tó yẹ kí wọ́n wà ní kíláàsì.

Ohun kan tún wà tó ń jẹ mí lọ́kàn. Bátìrì tí kò lè gbé réluwé mọ́ kò tíì kú tán; agbára rẹ̀ ṣì tó fún iná sólà inú ilé. Àwọn òyìnbó mọ èyí, wọ́n sì ń ṣe é lọ́nà tó tọ́. Àmọ́ a mọ ara wa. A fẹ́ràn tòkunbọ̀, iná kò dúró, gbogbo ilé ló ń wá bátìrì. Bí kọ̀ńténà bátìrì àlòkù bá gúnlẹ̀ sí Àpápá, yóò tà tán kí ilẹ̀ tó mọ́, ọdún díẹ̀ tó kù nínú rẹ̀ yóò pé nínú pálọ̀ wa, òkú rẹ̀ yóò sì di tiwa.

Yúróòpù ti rí ọ̀nà tirẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2023 sọ pé láti ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 2027, bátìrì ńlá, tó fi mọ́ èyí tó ń gbé réluwé rìn, gbọ́dọ̀ ní ìwé ìdánimọ̀ tó ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àti ẹni tó ṣe é. Àwa náà ní òfin ìṣàkóso bátìrì, ti 2024, tó ní kí ẹni tó ń ṣe bátìrì tàbí tó ń kó o wọlé mójú tó òkú rẹ̀. Òfin náà wà nínú ìwé, àáké sì wà lọ́wọ́ ọmọkùnrin yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn réluwé, mo fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín, mo sì ń kìlọ̀ fún yín: ẹ má ṣe gba bátìrì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí kò bá kọ orúkọ ẹni tí yóò wá kó òkú rẹ̀ sínú ìwé, kó kọ ibi tí yóò kó o lọ, kó sì fi owó iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó rìn. Ẹ̀yin baálẹ̀, ẹni tó bá wá ra ilẹ̀ láti fi yọ́ irin, ẹ bi í irin wo ni. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń fọ́ bátìrì, ẹ mú un kúrò níbẹ̀ lónìí, kí ẹ sì gbé àwọn àbúrò rẹ̀ lọ sí ọsibítù fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀yin ìjọba, kí ẹ tó pe wá síbi tí ẹ óò ti ṣí réluwé oníbátìrì nílẹ̀ yìí, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ gbogbo ọmọ Ògijo wò, kí ẹ sì kó ilẹ̀ olóró kúrò lẹ́yìnkùlé wọn.