Ẹni tí ó ń tan iná, kí ó rántí ẹni tí ó kó kúrò nílé

Ẹ̀yin ará, bí ilẹ̀ bá ṣú ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Kútọnu, ọwọ́ kan ni a fi ń tan iná. Ní 1972, iná Akosombo ní ilẹ̀ Gánà gba ilẹ̀ Tógò kọjá, ó wọ ilẹ̀ wa.

Àwọn ènìyàn máa ń lọ wo Akosombo. Láti 1961 sí 1965 ni wọ́n fi òkúta àti amọ̀ sé Odò Volta níbẹ̀. Ògiri ìsédò náà gùn tó mítà 660. Ó ga ju mítà 110 lọ. Omi ń já wálẹ̀, ó ń yí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ sì ń mú iná jáde. Kwame Nkrumah ni ó ṣí i ní 1966.

Ẹni tí ó bá débẹ̀, ẹnu yóò yà á. Ṣùgbọ́n ní tèmi, wíwo ògiri nìkan kò tó. Kí ó wo omi tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú. Lábẹ́ omi yẹn ni ilé wà, tí oko wà, tí ibojì àwọn baba wà. Omi bo abúlé tí ó ju 700 lọ. Nǹkan bí ènìyàn 80 000 ni ó kó kúrò. Wọ́n kọ́ abúlé tuntun 52 fún wọn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ oko kò tó fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Iná lọ sí ìlú ńlá. Ọ̀pọ̀ nínú abúlé tuntun náà wà nínú òkùnkùn fún ọdún púpọ̀.

Ẹnìkan lè wí pé: «Ṣé kí á má tan iná mọ́ ni?» Rárá o. Iná dára. Àwa tí a ń kàwé lálẹ́ mọ iyì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ilẹ̀ baba rẹ̀ sílẹ̀ kí iná lè tàn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó yẹ kí iná kọ́kọ́ dé. Ẹni tí ó jẹ iṣu, kí ó rántí ẹni tí ó kọ ebè.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ní 1987 ni ìsédò Nangbéto bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí odò Mono ní Tógò, fún Tógò àti Benin. Níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó kó kúrò nílé.

Bí wọ́n bá tún fẹ́ sé odò lọ́la, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ béèrè: Ta ni yóò kó kúrò? Ilẹ̀ wo ni yóò máa ro? Ọjọ́ wo ni iná yóò dé ilé tirẹ̀?