Àwo Ń Gbé Inú Gíláàsì, Ìwé Ọmọ Ń Sùn Nílẹ̀

Ẹ̀yin òbí! Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí, mo sì fẹ́ sọ ọ́ bó ti rí. Bí inú bá bí ẹnikẹ́ni nínú yín, kó mú sùúrù, kó kà á dé ìparí.

Bí mo bá wọ ilé yín lónìí, kí ni n óò kọ́kọ́ rí? N óò rí àpótí ńlá onígíláàsì nínú yàrá àlejò. Àwo wà nínú rẹ̀, ife wà nínú rẹ̀, abọ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi jẹun rí wà níbẹ̀. Tẹlifísọ̀n jókòó láàárín wọn bí ọba. Ó dára. Ẹ jẹ́ kí n wá wọ yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn. Níbo ni ìwé wọn wà? Ó wà nínú páálí lábẹ́ ibùsùn. Ó wà nínú àpò ìrẹsì tí a fi kọ́ ìṣó. Òmíràn wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà. Owó gàrí àti owó ẹ̀pà ni a fi ra ìwé wọ̀nyí o!

Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, n kò yọ ara mi sílẹ̀. Nílé mi ní Kétu, inú páálí ni mo ń kó ìwé ọmọbìnrin mi sí. Nígbà òjò kan, a gbé páálí náà sókè, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò bá wa dìde. Ikán ti jẹ ẹ́. Ìwé ìṣirò, ìwé kíkà, àti ìwé ìbí rẹ̀ tí mo fi pamọ́ sáàárín wọn, gbogbo rẹ̀ ti di ẹrẹ̀. Ọdún yẹn gan-an ló yẹ kó ṣe ìdánwò CEP, wọ́n sì ń béèrè ìwé ìbí. Ìrìn tí mo rìn kí n tó rí òmíràn gbà, n kò fẹ́ kí ọ̀tá mi rìn ín. Ọmọ náà kò sunkún. Ó kàn bi mí pé, "Bàbá, kí ló dé tí ikán kò jẹ àwo?"

N kò rí èsì fún un.

Àwọn kan á ní kò sówó. Ṣé ẹ̀yin tí ẹ ra àpótí onígíláàsì ni? Àwọn mìíràn á ní ọmọ kò ní yàrá tirẹ̀, pé mẹ́rin ni wọ́n ń sùn lórí ẹní kan. Òótọ́ nìyẹn, n kò ní fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ògiri kì í gba àyè lọ́wọ́ ẹní. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí a kọ́ pẹpẹ ìwé mọ́ ara ògiri. Nínú ilé alámọ̀ bàbá mi, àlàfo kan wà nínú ògiri tí a ń gbé fìtílà sí. Ta ló sọ pé a kò lè ṣe èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìwé? Bí ẹ bá ń kọ́lé lọ́wọ́, ẹ sọ fún mọlémọlé kó fi àyè sílẹ̀, kó sì fi irin àti sìmẹ́ǹtì tẹ́ orí àyè náà, kí ògiri òkè má bàa wó. Bí ilé bá ti parí, igun yàrá kan tó.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àpótí dídán láti òkè òkun tàn yín. Lẹ́búlẹ́bú igi tí a fi àtè lẹ̀ pọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí omi bá kàn án, á wú, á sì já bí ẹ̀kọ tó bọ́ sómi. Igi tẹ́ẹ̀kì wà nílẹ̀ wa. Ìjọba gbìn ín ní Láma, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ sì ti gbìn ín sóko wọn. Inú igi náà, èyí tó pọ́n bí oyin, ni kí ẹ béèrè. Èyí tó funfun lẹ́bàá èèpo, ikán á jẹ ẹ́. Àwa tí a ń gbẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO fi kéde wa fún gbogbo ayé lọ́dún 2001, ṣé pákó mẹ́rin ló máa wá borí wa?

Káyé tí ọmọ ń kọ nǹkan sí sábà máa ń jẹ́ sàǹtímẹ́tà 17 ní ìbú, 22 ní gígùn. Nítorí náà pẹpẹ tó jìn tó 25 ti tó. Bí pákó bá nípọn tó 2, ẹ má jẹ́ kó gùn ju 70 lọ láìní ìtìlẹ́yìn, kí ìwé má bàa tẹ̀ ẹ́ bí ọrun. Ẹ gbé ti ìsàlẹ̀ kúrò nílẹ̀ tó 10, kí ẹ lè rí ojú ọ̀nà ikán bó bá ń gòkè bọ̀. Ẹ fi ìṣó tí a ń yí wọlé dè é mọ́ ògiri gbọn-in, nítorí ọmọ á gùn ún bí àkàbà, ohun tó dá dúró sì lè wó pa á. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà kan á fẹ́ fi epo dúdú inú mọ́tò pa á. Ẹ má gbà fún wọn nínú yàrá tí ọmọ ń mí sí. Ọ̀dà kan sì wà tí òjé wà nínú rẹ̀, òjé a sì máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ẹ fi pákó sílẹ̀ bó ti wà.

Ohun tó bí mi nínú jù lọ rèé. Mo mọ bàbá kan tó ṣe gbogbo èyí dáadáa. Ó wá gbé pẹpẹ náà sókè réré, ó fi ilẹ̀kùn sí i, ó fi àgádágodo tì í. Àpò rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Bí ọmọ bá fẹ́ kàwé, á dúró de bàbá títí ó fi ti oko dé. Ìwé ni ó kó pamọ́ ni, àbí ẹlẹ́wọ̀n? Ìwé ìbí nìkan ni kí ẹ tì mọ́ òkè. Ìwé kíkà gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ ọmọ tó kéré jù lọ lè dé, bó tilẹ̀ máa ya ojú ewé kan.

Ẹ̀yin náà ti ń kàwé báyìí. Ìwé pẹlẹbẹ tó wà lọ́wọ́ yín yìí, bí ẹ bá kà á tán lálẹ́ òní, níbo ni ẹ máa gbé e sí?