Ọ̀pá tó ga jù kọ́ ni ìdáhùn: lẹ́tà sí àwọn olùkọ́ ní Johannesburg

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ní Johannesburg, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìṣirò, pàápàá ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí lẹ́yìn odi,

Inú mi kò dùn sí bí a ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ láti ka báà gíráàfù tó bá àyọkà rìn. Ibi tí àyọkà bá ti dá lórí màgòmágó ìdánwò ni àléébù rẹ̀ ti ń hàn jù. Ọmọ á ka ìpínrọ̀ mẹ́rin nípa àwọn tó ń jí ìwé wò, á dáhùn ìbéèrè lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kan gíráàfù. Á gbé rúlà lé orí ọ̀pá, á wo nọ́ńbà tó ṣe déédéé rẹ̀ lápá òsì, á kọ ọ́ sílẹ̀, á gba máàkì kan. "Ọ̀pá wo ló ga jù? Èwo ló kéré jù?" Ó parí síbẹ̀. Olùkọ́ á wá fi ìṣẹ́jú tó kù wàásù pé olè ni ẹni tó bá jí ìwé wò. Mi ò ta ko ìwàásù náà. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹ̀rí wà níwájú ọmọ, kò sì sí ẹni tó kọ́ ọ bí a ṣe ń wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀rí.

Ẹ jẹ́ ká mú iye tí kì í ṣe àròsọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Donald McCabe ti Yunifásítì Rutgers ní Amẹ́ríkà fi ọ̀pọ̀ ọdún béèrè lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bóyá wọ́n ti ṣe èrú rí. Láàárín ọdún 2002 sí 2015, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó dá a lóhùn lé ní 71,000. 39% ní àwọn ti ṣe èrú nínú ìdánwò. 62% ní àwọn ti ṣe é nínú iṣẹ́ àkọsílẹ̀. Tí a bá ka gbogbo ẹni tó ṣe ó kéré tán ọ̀kan nínú méjèèjì, 68% ni wọ́n.

Mo fi iye mẹ́ta yìí ya ọ̀pá mẹ́ta fún àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ àfikún ní àdúgbò Yeoville lọ́jọ́ Sátidé. Ọmọbìnrin kan tó wà ní Grade 9 sáré ro 39 pọ̀ mọ́ 62, ó sì gbé ojú sókè. "Mà, ó ti di 101. Ṣé wọ́n ṣì í kà ni?" Ẹni tó jókòó tì í ní kó yọ 68 kúrò níbẹ̀. Ó ku 33. Wọ́n ń wo ara wọn, ni ọmọbìnrin náà bá ní, "Àwọn tó ṣe méjèèjì nìyẹn! Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kà wọ́n." Bẹ́ẹ̀ ló rí. Kò sí ọ̀pá kankan lórí bébà náà tí a kọ 33 sí. Orí ara wọn ni wọ́n fi rí i. Mo wá bi wọ́n pé ta ló sọ fún McCabe pé òun ṣe èrú, wọ́n ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ni. Mo ní, "Ṣé ẹ̀yin á jẹ́wọ́?" Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan ní àwọn á purọ́, àwọn kan ní ọmọkùnrin mìíràn á sọ pé òun ṣe é, kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè rí i bí akọni. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó lè gbé 68% síwájú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kí wọ́n má béèrè ibi tó ti rí i.

Àwọn gíráàfù mìíràn ń ka ẹni tí ọwọ́ tẹ̀ dípò ẹni tó jẹ́wọ́. Ẹ wo WAEC, àjọ tó ń ṣètò ìdánwò àṣejáde ilé ìwé girama, nílé ní Nàìjíríà. Lọ́dún 2023, àjọ náà gbẹ́sẹ̀ lé èsì 16.29% nínú àwọn ọmọ ilé ìwé tó ṣe ìdánwò, nítorí ẹ̀sùn màgòmágó. Ó di 11.92% ní 2024, ó di 9.75% ní 2025. Ọmọ tí a kọ́ láti wo gíga ọ̀pá nìkan á kọ ọ́ sílẹ̀ pé èrú ń dínkù. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé àwọn tó ń ṣe é ti gbọ́n sí i, tàbí pé àwọn tó ń ṣọ́ gbọ̀ngàn ìdánwò ti gbójú kúrò. Ọ̀pá náà kò lè sọ èyí tí ó jẹ́, nítorí èsì tí wọ́n dá dúró ló ń kà, ìfura ló sì mú kí wọ́n dá a dúró, kí ìwádìí tó parí. Ojoojúmọ́ ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Ọjọ́ olóhun nìkan ni gíráàfù yìí rí. Bí àyọkà bá sọ pé ìwà àwọn ọmọ Nàìjíríà ń dára sí i, tó sì fi ọ̀pá mẹ́ta yìí ṣe ẹ̀rí, ọmọ tó gbọ́n gbọ́dọ̀ lè sọ pé ẹ̀rí náà kò tó.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára ju bí ẹ ṣe rò lọ. Àwọn ọmọ wa ní ìlú yìí ti mọ bó ṣe ń rí kí ẹnì kan fi ọ̀pá kan ṣojú gbogbo àlejò, kó ní iye àwọn tí ọlọ́pàá mú ni iye ọ̀daràn. Bí wọn kò bá kọ́ nínú kíláàsì láti béèrè ẹni tí ọ̀pá ń kà, níbo ni wọ́n á ti kọ́ ọ?

Ẹ̀kọ́ tó dára jù wà nílẹ̀ níbí ní South Africa, a ò kàn lò ó ni. Ní November 2020, ìbéèrè Maths Paper 2 àti Physical Sciences Paper 2 ti matric, ìdánwò àṣejáde ilé ìwé girama, já síta kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn olùwádìí rí i pé ó kéré tán, ọmọ 195 ni ìbéèrè ìṣirò náà tẹ̀ lọ́wọ́. Angie Motshekga, tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, kéde pé gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè yìí tó ṣe ìdánwò méjèèjì ní láti tún un ṣe. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ẹgbẹ́ AfriForum àti ẹgbẹ́ olùkọ́ SADTU gbé e lọ sílé ẹjọ́, Adájọ́ Norman Davis sì fagi lé ìpinnu náà ní Pretoria lọ́jọ́ 11 oṣù December. Ẹ fún ọmọ ní àyọkà lórí ọ̀rọ̀ yìí, kí ẹ ní kó ya ọ̀pá méjì: 195 lápá kan, àwọn ọmọ tó lé ní 200,000 tó jókòó fún ìṣirò náà lápá kejì. Tí ọ̀pá ńlá bá ga tó mítà kan, ti kékeré kò ní ga tó mìlímítà kan. Lójú bébà, kò ní hàn. Ẹ wá bi í: ṣé ohun tí kò hàn yìí tó láti dá gbogbo ọmọ padà sí gbọ̀ngàn? Ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni á ní láti padà sínú àyọkà, níbi tí wọ́n ti sọ pé WhatsApp ni ìbéèrè náà gbà rìn, kí ó sì bi wá pé ta ló mọ ibi tó dúró sí. Ẹni tó bá ní rárá náà á padà síbẹ̀. Èmi kò bìkítà apá tí ọmọ gbè sí, kó ṣáà ti lè fi ìka tọ́ka sí ìdí rẹ̀.

Nígbà tí èsì ọdún náà jáde ní February 2021, 76.2% ló yege. Ti 2019 jẹ́ 81.3%. Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ gíráàfù yìí láti 70, ọ̀pá 2019 á fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ìlọ́po méjì ti 2020. Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti òdo, èèyàn gbọ́dọ̀ tẹjú mọ́ ọn kó tó rí ìyàtọ̀. Èyí tún wá burú nígbà tí a bá gbé gíráàfù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àyọkà lórí ìbéèrè tó já síta. Ọmọ á so méjèèjì pọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, á ní màgòmágó ló fa ìdínkù náà, bẹ́ẹ̀ kò sí gbólóhùn kan tó sọ bẹ́ẹ̀. Àrùn Kòrónà tó ti ilé ìwé pa láti oṣù March ọdún náà kò sí lórí gíráàfù, kò sì sí nínú àyọkà. Ohun tí kò sí níbẹ̀ yìí ló yẹ kí a kọ́ ọmọ láti máa wá.

Mo mọ ibi tí àṣà wa ti wá. Nínú Paper 1 ti Gẹ̀ẹ́sì, àkàyé pín sí Text A tó jẹ́ àyọkà àti Text B tó jẹ́ àwòrán, ọ̀pọ̀ jù lọ ìbéèrè sì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ìbéèrè tó ní kí ọmọ so A mọ́ B kì í gbà ju máàkì díẹ̀ lọ nínú 30. Gíráàfù fúnra rẹ̀ wà lọ́dọ̀ olùkọ́ ìṣirò lábẹ́ data handling, níbi tí kò ti sí àyọkà rárá. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ti ìṣirò nìyẹn, olùkọ́ ìṣirò ní àkàyé nìyẹn. Àárín àwọn méjèèjì ni ọmọ ń já bọ́ sí.

Àwọn kan ti sọ fún mi pé àwọn ọmọ kò tíì mọ̀wé kà dáadáa, ká tó máa sọ ti gíráàfù. Lóòótọ́, PIRLS 2021, ìdánwò ìwé kíkà tí wọ́n ń ṣe káàkiri àgbáyé, fi hàn pé 81% ọmọ Grade 4 ní South Africa ni kò lè kàwé kó yé wọn. Àmọ́ mo ti rí ọmọ tí ìpínrọ̀ gígùn ń dẹ́rù bà, tó jẹ́ pé ọ̀pá ló fi wọlé. Ó rí 62 lórí gíráàfù, ó wá 62 nínú àyọkà títí ó fi rí i, ó sì ka gbólóhùn tó yí i ká nítorí pé ó fẹ́ mọ ohun tí 62 náà jẹ́. Ìwé kíkà ni yẹn.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín kò gba owó. Kí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti olùkọ́ ìṣirò jókòó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ní sáà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n jọ ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo tí àyọkà àti gíráàfù á wà nínú rẹ̀, kí wọ́n sì jọ máàkì rẹ̀. Láti Grade 8 lọ sókè, ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní máàkì mọ́ nítorí pé ó mọ ọ̀pá tó ga jù. Ẹ bi wọ́n pé ta ni wọ́n kà, báwo ni wọ́n ṣe mọ̀, gbólóhùn wo nínú àyọkà ni gíráàfù gbè lẹ́yìn, èwo ni kò gbè lẹ́yìn. Agbẹ́jọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ tẹnu àyọkà àti tẹnu gíráàfù kí wọ́n tó dájọ́. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ìwé, ẹ fún àwọn olùkọ́ méjèèjì ní wákàtí tí wọ́n á fi ṣe é, ẹ má sọ pé kí wọ́n ṣe é nílé.

Mo ti tẹ àwọn iṣẹ́ tí mo ṣe lórí McCabe, lórí WAEC àti lórí ìdánwò 2020, pẹ̀lú ìdáhùn wọn. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó wá bá wa ní Yeoville lówùúrọ̀ Sátidé. Ẹ kó o lọ, ẹ tún un ṣe bó bá ṣe bá kíláàsì yín mu.