Ìbẹ̀wò sí Ilé Tuntun: Kí Ni Ó Wà Lábẹ́ Ọ̀dà?

Nígbà tí ilé alájà 21 wó ní òpópónà Gerrard ní Ìkòyí ní ọjọ́ 1, oṣù Kọkànlá, ọdún 2021, iṣẹ́ kò tíì parí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn tó lé ní 40 ló bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ. Síbẹ̀síbẹ̀, ilé àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì ń fura sí. Ẹni tó bá fẹ́ gba ilé tuntun a máa béèrè nípa omi, iná àti owó àsansílẹ̀. Kì í sábà béèrè ohun tó wà nínú òpó.

A rò pé ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Bí wọ́n bá ti rẹ́ ilé tán, tí wọ́n sì kùn ún, ojú lásán kò lè mọ̀ bóyá ọ̀pá irin tí ẹnjiníà yàn ni wọ́n lò tàbí èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù ú lọ. Yanrìn etí òkun tí wọn kò fọ iyọ̀ rẹ̀ kúrò a máa mú kí irin dípẹtà nínú kọnkéré láìsí ẹni tó rí i. Kọnkéré fúnra rẹ̀ kì í ní agbára tí wọ́n ń retí títí di nǹkan bí ọjọ́ 28. Ẹni tó bá yọ pákó abẹ́ rẹ̀ kí ó tó gbó, tó sì gbé àjà mìíràn lé e, agbára tí kò tíì sí ló ń ná.

Ìdí nìyí tó fi yẹ kí àwọn olùbẹ̀wò àjọ LASBCA rí iṣẹ́ ní ìpele-ìpele: ìpìlẹ̀ kí wọ́n tó bò ó, irin kí wọ́n tó da kọnkéré lé e. Ẹni tó ń da kọnkéré lóru tàbí lópin ọ̀sẹ̀ kí olùbẹ̀wò má baà bá a níbẹ̀ mọ ohun tó ń sá fún. Ká má tan ara wa, olùbẹ̀wò kò lè wà ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé ní Èkó lẹ́ẹ̀kan náà; onílé tó ń sanwó iṣẹ́ ló lè wà níbẹ̀ lójoojúmọ́.

Kí ayálégbé tó sanwó, kí ó béèrè bóyá ilé náà ní ìwé-ẹ̀rí pé iṣẹ́ ti parí, ó sì yẹ fún gbígbé. Ìwé yìí yàtọ̀ sí ìwé àṣẹ ìkọ́lé: àṣẹ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìwé-ẹ̀rí ni wọ́n fi ń kó wọlé. Bí onílé bá fèsì pé ilé ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ni, kò tíì dáhùn ìbéèrè.

Ẹ̀yin tó ti ń gbé inú rẹ̀, ògiri tó sán díẹ̀ lójú rírẹ́ kì í sábà jẹ́ ewu. Ṣùgbọ́n bí òpó bá sán, tí ojú sísán náà ń fẹ̀ sí i, bí ilẹ̀kùn tó ń tì tẹ́lẹ̀ kò bá tì mọ́, tàbí tí àjà ń tẹ̀ wálẹ̀, ẹ jáde, kí ẹ sì fi tó àjọ náà létí. Ẹ má ṣe gbà kí bíríkìlà kàn rẹ́ ẹ padà. Bí ó bá di pàjáwìrì, 767 tàbí 112 ni kí ẹ pè.