ẸYẸ TÓ Ń JẸ OYIN KÌ Í ṢE ẸYẸ ÀJẸ́

Ẹ̀yin ará mi n'Íkálẹ̀, àwọn ẹyẹ aláwọ̀ ewé, ọ̀fun funfun, onírù gígùn tẹ́ẹ́rẹ́, tó máa ń dé lẹ́ẹ̀rùn yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé pè wọ́n ní ẹyẹ àjẹ́. Etí aṣálẹ̀ Sàhárà ni wọ́n ti ń wá. Inú ihò iyanrìn ni wọ́n ń pamọ sí níbẹ̀, èyí tí kò sì lọ́mọ á máa bá ẹlòmíì bọ́ tiẹ̀. (Ṣé àwa ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì?) Bí wọ́n bá mú oyin, wọ́n á fi ìdí rẹ̀ ha igi títí oró á fi jáde. Lọ́dọ̀ wa ńkọ́? Èèpo ẹyìn tí ọ̀kẹ́rẹ́ jù sílẹ̀ látorí ọ̀pẹ ni wọ́n ń hán lófuurufú. Àjẹ́ wo ló ń jẹ àjẹkù ọ̀kẹ́rẹ́? Ẹ gba kànnàkànnà lọ́wọ́ àwọn ọmọ yín o!